Báwo lẹ ṣe ń fún dírọ́ọ̀ìn àti máàpù ní nọ́ńbà?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, wọ́n ní kí n fún gbogbo dírọ́ọ̀ìn àti máàpù àjọ wa ní nọ́ńbà tuntun. Ti tẹ́lẹ̀ ní kóòdù ẹ̀ka àti ọdún nínú, bíi RD-1987-014, àmọ́ wọ́n ti da ẹ̀ka yẹn pọ̀ mọ́ òmíì, kóòdù ọ̀hún ò nítumọ̀ mọ́. Ṣé kí n kàn tò ó láti 00001 lọ, kí àlàyé tó kù wà nínú rẹ́jísítà? Máàpù tó ní ṣíìtì 12 ńkọ́, nọ́ńbà kan ni àbí 12? Ọ̀gá mi takú pé lẹ́tà àtúnṣe A, B, C gbọ́dọ̀ wọnú nọ́ńbà, èmi ò fẹ́ ẹ o, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ni nọ́ńbà á máa yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo lẹ́tà, ṣé ẹ máa ń fo I àti O kó má bàa jọ 1 àti 0?