Ọgbà Òdòdó àti Ẹ̀fọ́ Níbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ooru: Ẹ Wá Sọ Ìrírí Yín

Ìyá Ọlọ́gbà, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o, ẹ̀yin ará. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé oṣù Kẹjọ ni ọgbà dára jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìgbà náà ni tòmátì ń pọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, láti ìparí oṣù Karùn-ún títí dé ìparí oṣù Kẹfà ni mo máa ń gbádùn ọgbà mi jù lọ, nítorí pé ní àkókò yìí, òdòdó àti ẹ̀fọ́ jọ ń dàgbà pọ̀ láìsí èyí tó ti rẹ̀, omi òjò ìgbà òtútù ṣì wà nínú ilẹ̀ amọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kò tíì pọ̀ débi tí wọn yóò fi máa bá wa du oúnjẹ.

Ẹni tó dàgbà sí Abẹ́òkúta bí èmi mọ̀ pé yálà oṣù Kìíní ni o, tàbí oṣù Kẹfà, nǹkan bí agogo méje alẹ́ náà ni ilẹ̀ yóò ṣú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín oṣù Kẹfà, oòrùn á ti yọ kí agogo márùn-ún ìdájí tó lù, kò sì ní wọ̀ títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Nítorí náà, ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo méje ṣì lè gbé àga síta, kí ó máa wo ohun tó gbìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èmi kì í bomi rin ọgbà nírọ̀lẹ́, nítorí pé ilẹ̀ tó tutù lóru ni ìgbín aláìníkarahun fẹ́. Kùtùkùtù àárọ̀ ni mo ń bomi rin ín láti inú àgbá tí mo fi ń gbe omi òjò. Ìrọ̀lẹ́ wà fún ìjókòó nìkan.

Róòsì tó fà mọ́ ara fẹ́ńsì ló máa ń kọ́kọ́ gba ojú àlejò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni foxglove, tí òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò máa ń so rọ̀ lára igi tó lè ga tó ènìyàn, tí oyin ńláńlá sì máa ń wọ inú rẹ̀ lọ pátápátá. Dókítà William Withering kọ ìwé lé ewé rẹ̀ lórí ní 1785, ó ṣàlàyé bí ó ṣe ń ran àwọn tí ara wọn ń wú lọ́wọ́, oògùn àìsàn ọkàn sì ti ara rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n májèlé ni gbogbo ara igi náà, ewé rẹ̀ kò sì dẹ́rù bani rárá kí ó tó yọ òdòdó. Èmi tí mo máa ń já ewé sínú agbọ̀n láìwo ẹ̀yìn kò jẹ́ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀fọ́. Bákan náà ni sweet pea rí: kò sí òdòdó tí òórùn rẹ̀ dùn tó o nínú ọgbà mi, ṣùgbọ́n kóró tó ń so jọ ti ẹ̀wà tútù tí a ń jẹ, bẹ́ẹ̀ kò ṣeé jẹ. Ẹ̀yin tí ọmọ-ọmọ yín ń bá yín ká nǹkan nínú ọgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ṣọkọ ló dùn mọ́ mi jù láti sọ. Ní àwọn ilé ìtajà ohun ọ̀gbìn níhìn-ín, celosia ni wọ́n ń pè é, inú ìkòkò kéékèèké ni wọ́n sì ń tà á sí gẹ́gẹ́ bí òdòdó, tòun ti orí rẹ̀ tó pupa tàbí tó yẹ́lò. Èyí tí mo bá rà bẹ́ẹ̀, n kì í jẹ ẹ́, nítorí n kò mọ oògùn tí wọ́n ti fín sí i. Irúgbìn ni mo ń gbìn lábẹ́ gíláàsì, ìyẹn ilé kékeré onígíláàsì tí ohun ọ̀gbìn ti máa ń rí ooru, ní oṣù Kẹrin, n ó sì gbé e síta nígbà tí ìrì dídì kò bá léwu mọ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìparí oṣù Karùn-ún.

Aládùúgbò mi, ìyá àgbà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti ń tọ́jú róòsì kí n tó dé àdúgbò yìí, yọjú lókè fẹ́ńsì lọ́jọ́ kan, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń já orí ṣọkọ. Ẹnu yà á. Ó béèrè ohun tí òdòdó náà ṣe mí tí n kò fi jẹ́ kí ó tanná. Mo dá a lóhùn pé oúnjẹ alẹ́ ni, mo sì ṣàlàyé pé bí a bá já orí rẹ̀, ẹ̀ka mìíràn ni yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti pé n ó dá díẹ̀ sí kí ó lè tanná. Lọ́jọ́ kejì, mo bu ẹ̀fọ́ rírò díẹ̀ fún un, mo sì rí i dájú pé ata rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀wà broad bean tútù ló fi kún abọ́ náà kí ó tó dá a padà, bí ẹni pé ilé wa ló ti kọ́ pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Láti ìgbà náà, ó ti ń gbin ṣọkọ lẹ́sẹ̀ róòsì rẹ̀, ó ń jẹ díẹ̀, ó sì ń wo ìyókù. Tẹ̀tẹ̀ náà kò yàtọ̀: èyí tí orí rẹ̀ pupa máa ń so rọ̀ kanlẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbìn fún ẹwà, nígbà tí àwọn ará Jàmáíkà àdúgbò wa ń se ewé ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní callaloo.

Broad bean yẹn náà ti wọ ọgbà mi wàyí. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó ní àmì dúdú, òórùn rẹ̀ sì dùn ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè retí lára ẹ̀wà lọ. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ihò kékeré nídìí òdòdó mìíràn: oyin tí ẹnu rẹ̀ kò gùn tó ló gé e, kí ó lè fa omi dídùn inú rẹ̀ láìgba ẹnu ọ̀nà wọlé. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni àwọn kòkòrò dúdú bíńtín-bíńtín máa ń bo ọ̀mùnú rẹ̀. Bí mo bá ti rí i pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, n ó já ọ̀mùnú náà kí wọ́n tó dé, n ó sì rò ó mọ́ ẹ̀fọ́, nítorí pé ó ṣeé jẹ, ó sì dùn.

Ewédú nìkan ni kò fẹ́ràn afẹ́fẹ́ wa, nítorí náà abẹ́ gíláàsì ló ń gbé. Bí àwọn àgbẹ̀ ilé ṣe ń ṣe ni mo ń ṣe: mo ń di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, n ó sì tì í bọ omi gbígbóná fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí èèpo rẹ̀ líle lè gba omi. Ọjọ́ gígùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣe é láǹfààní, nítorí pé ìgbà tí ojúmọ́ bá kúrú ni ewédú máa ń yára tanná. Níhìn-ín, ewé ló ń yọ ṣáá, ìjábẹ̀ mi kò sì sinmi.

Àgbẹ̀ Maryland

Ẹ ṣeun púpọ̀, Mà. Tiwa níhìn-ín ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, kò rọrùn tó yẹn. Ní oṣù Kẹfà, ooru á ti mú débi pé kùtùkùtù ni mo gbọ́dọ̀ ti ṣe gbogbo iṣẹ́ ọgbà tán, òjò alárá sì sábà máa ń dé nírọ̀lẹ́. Lẹ́tíọ́ọ̀sì á ti na igi sókè, á sì ti korò. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń fi gíláàsì bò, ìta gbangba ló wà lọ́dọ̀ mi: ewédú, ata rodo àti ilá. Bí mo bá ti tètè gbin ilá sínú ilé, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tanná kí oṣù Kẹfà tó parí. Ìbátan ìṣápá ni, ẹni tó bá sì rí òdòdó rẹ̀ láàárọ̀ kò ní ra òdòdó mìíràn. Àgbọ̀nrín ni ọ̀tá wa. Ewé ẹ̀wà ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ, mo sì ti fi wáyà yí gbogbo rẹ̀ ká. Ìta wáyà ni mo gbin black-eyed Susan sí, òdòdó yẹ́lò tó jẹ́ àmì ìpínlẹ̀ Maryland láti 1918, nítorí pé ewé rẹ̀ onírun kì í wù wọ́n tó ewé ẹ̀wà. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tannátanná á bo gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ kò sì ní fẹ́ wọlé mọ́. Mà, ṣé ilá ń so lọ́dọ̀ yín?

Ìyá Ọlọ́gbà, Lọ́ńdọ̀nù

Ó ń so, àbúrò mi, ṣùgbọ́n abẹ́ gíláàsì nìkan ni, kò sì tó ohun tí a lè fi se ọbẹ̀ fún ènìyàn méjì. Òdòdó yẹn gan-an ni mo ń gbìn ín fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń lò. Ẹni tó bá wà ní Glasgow tàbí Aberdeen, ní Scotland tó tutù ju ọ̀dọ̀ wa lọ, tí kò sì ní gíláàsì, kí ó fi ilá sílẹ̀, kí ó gbin broad bean. Bí ẹnìkan bá sì ti rí tẹ̀tẹ̀ jẹ níta gbangba lọ́hùn-ún, kí ó jọ̀wọ́ wá sọ irú èyí tó gbìn fún wa.