Ẹ gbà mí o, orúkọ àwọn Cornelius yìí ti tojú sú mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ya ìlà ìdílé àwọn Cornelius ti Róòmù àtijọ́ sórí pépà, àmọ́ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́! Publius Cornelius Scipio tí wọ́n tún ń pè ní Africanus, tó ṣẹ́gun Hannibal, ọ̀gágun ìlú Carthage, ní Zama lọ́dún 202 kí wọ́n tó bí Jésù, orúkọ bàbá ẹ̀ nìyẹn, ọmọ ẹ̀ náà tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti fi írésà pa á rẹ́ títí pépà fi lu. Ọmọ Africanus yìí obìnrin, ìyá Tiberius àti Gaius Gracchus tí wọ́n jẹ́ olóṣèlú Róòmù, Cornelia ni, ẹ̀gbọ́n ìyẹn náà Cornelia ni, torí orúkọ ìdílé nìkan ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin wọn (ẹ ò rí nǹkan!).

Ibi tó wá rú mi lójú jù ni Scipio Aemilianus tó pa Carthage run lọ́dún 146 kí wọ́n tó bí Jésù, ilé Aemilius ni wọ́n bí i sí, ọmọ Africanus ló wá gbà á ṣọmọ. Ṣé abẹ́ bàbá tó bí i ni kí n kọ ọ́ sí ni àbí abẹ́ ẹni tó gbà á? Sulla, ọ̀gágun Róòmù, náà ńkọ́, tóun náà ń jẹ́ Cornelius, báwo lẹ ṣe máa ń ya ẹ̀ka tiẹ̀ sọ́tọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti yà á rí, kó bá mi dá sí i.