Ìfura yàtọ̀ sí olobó: èsì lórí àbá ọ̀rọ̀ fún kámẹ́rà ẹnu géètì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀gá wa kan fi àbá ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí a lè máa lò fún kámẹ́rà ẹnu géètì àti àwọn nǹkan tó ń tẹ̀lé e nínú ilé: gílóòbù tó ń tàn, fèrè tó ń han, fóònù tó ń dún. Wọ́n pe bí kámẹ́rà ṣe ń mọ̀ pé ẹnìkan dé ní "ìmọ̀lára ìṣípòpadà". Wọ́n pe ohun tó ń mú kí iná tàn ní "okùnfà". Ètò náà lódindi, wọ́n ní "ìdáṣiṣẹ́". Wọ́n ní ká gbé e yẹ̀wò. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ tí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá yọnu la máa ń nílò orúkọ wọn jù. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ta ló ń pè wọ́n?

Ẹ wo "okùnfà". Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá kọ̀ tí kò tàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹni tó wá tún un ṣe ni "Kí ni okùnfà?" Ṣé ohun tó ba ètò jẹ́ ló ń bèèrè ni, àbí ohun tó yẹ kó tan iná? Olúkúlùkù á máa dáhùn ìbéèrè tirẹ̀.

Ohun tí mo fi ń rọ́pò rẹ̀ ni "olobó". Èdè wa ti ní in tipẹ́: wọ́n ta ọlọ́pàá lólobó, ọlọ́pàá sì gbéra. Kámẹ́rà ta ilé lólobó, ilé tan iná. Fún ti "ìmọ̀lára ìṣípòpadà", "ìfura" ni mo dábàá. Bí ẹnìkan bá ní ènìyàn nìkan ló ń fura, ṣebí ajá náà ń fura?

Kí ló dé tí mo fi fẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan dà bí ẹni pé ó tó? Ẹ gbọ́ èyí. Ní ilé ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íbàdàn, kámẹ́rà wà lókè géètì, wọ́n sì ti ṣètò pé bí ẹnikẹ́ni bá wọlé lálẹ́, kí iná iwájú ilé tàn. Ẹ̀ka máńgòrò kan nà wọ inú àwòrán. Lálẹ́ ọjọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi wọlé, iná ò tàn. Wọ́n ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, wọ́n ti ń múra àtira òmíràn.

Kámẹ́rà ò bàjẹ́ rárá. Home Assistant ni wọ́n fi so ilé náà pọ̀, ètò ọ̀fẹ́ tó ti wà láti 2013. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, kì í wò ó bóyá kámẹ́rà ń fura. Ìgbà tí kámẹ́rà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àìfura bọ́ sínú ìfura nìkan ló ń wò. Ẹ̀ka máńgòrò ti ń jó láti ìrọ̀lẹ́, kámẹ́rà sì ti ń fura láìdáwọ́ dúró, nítorí náà ẹni tó wọlé kò mú àyípadà kankan wá. Ìfura wà, olobó kò sí. A yọ ibi tí ẹ̀ka wà kúrò nínú ojú ibi tí kámẹ́rà ń ṣọ́, ó parí.

Ìfura ni ipò tí kámẹ́rà wà, ó lè pẹ́ níbẹ̀. Olobó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. A kì í ta ènìyàn lólobó fún wákàtí kan gbáko. Ẹni tó bá fi "okùnfà" tàbí "ìmọ̀lára" pe méjèèjì pọ̀ kò ní rí ibi tí wàhálà ẹ̀gbọ́n mi wà.

"Ìṣípòpadà" fúnra rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà oníbátìrì, ooru ara ni wọ́n ń fura sí. Ẹ gbé irú rẹ̀ sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, kò ní mọ̀ pé ẹnìkan kọjá, torí ooru yẹn kì í la gíláàsì kọjá. Lọ́sàn-án gangan, tí ooru ìta bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ara ènìyàn dọ́gba, ó lè má tètè rí ẹni tó dé. Èyí tó ń wo àwòrán ńkọ́? Òjìji, iná mọ́tò tó gbá ara ògiri, kòkòrò tó wá ń fò yí iná kámẹ́rà ká lóru, gbogbo wọn ni àyípadà lójú rẹ̀. Ìfura lè jẹ́ òfo, ọ̀rọ̀ náà ti gbà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ìmọ̀lára" kò gbà.

Ó wá ku "ìdáṣiṣẹ́". Ta ló dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ẹnìkan ló jókòó tó rán ilé níṣẹ́ sílẹ̀ kó tó lọ sùn. "Iṣẹ́ àránsílẹ̀" ni mo ń pè é. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà sọ ẹ̀rọ di ènìyàn. Ó tì o. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Bí ẹ bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú náà ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí iná máa tàn láti agogo méje alẹ́, tí aago inú ẹ̀rọ sì wà lórí UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé. Naijíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, nítorí náà láti méje sí mẹ́jọ alẹ́, olobó ń dé, ilé ń kọ̀. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. (Mo ń pe "láti agogo méje" yẹn, ohun tó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tó lọ, ní gbèdéke. "Májẹ̀mú" ti lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì.)

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àbá náà kò mẹ́nu bà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń wá àṣìṣe: "ipasẹ̀", àkọsílẹ̀ ibi tí iṣẹ́ gbà dé ibi tó dúró. Home Assistant máa ń tọ́jú ipasẹ̀ márùn-ún tó kẹ́yìn fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àfi tí ẹ bá yí i padà. Bí kò bá sí ipasẹ̀ rárá, olobó kò dé: ẹ lọ wo kámẹ́rà, tàbí router (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé) tó fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì tuntun nígbà tí wọ́n mú iná dé. Bí ipasẹ̀ bá dúró síbi gbèdéke, ẹ wo aago. Bó bá dé òpin tí iná ò sì tàn, gílóòbù ni kí ẹ bá wí.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni àkókò tí kámẹ́rà oníbátìrì máa ń dákẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ta olobó kan, kí bátìrì má baà tètè tán. Ẹlòmíì lè kọjá níwájú rẹ̀ láàárín ìgbà náà, kò ní sọ. "Ìdánudúró" ni mo ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní gírámà, ṣé kò ní kọlu èyí tí ẹ ń lò fún ọ̀rọ̀ sísọ?