Búrẹ́dì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ara yín yan nílé, ṣé ó wú?

Àríkẹ́: Ẹ kú ilé o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yan búrẹ́dì báyìí, gbogbo ẹ̀ ló le bí òkúta. Mo pò ó, mo bò ó, mo fi sílẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko, bí mo ṣe fi sílẹ̀ náà ni mo ṣe bá a. Omi gbígbóná ni mo fi po yíìsì torí wọ́n ní ó fẹ́ràn ooru. Kí lojú tiyín rí?

Ìyá Ìbejì: Omi yẹn ti pa á.

Àjàní: Báwo lomi ṣe ń pa yíìsì? Ṣé ẹran ni?

Ìyá Ìbejì: Ohun ẹlẹ́mìí ni nau. Ṣúgà ló ń jẹ, afẹ́fẹ́ tó sì ń tú jáde ló ń gbé búrẹ́dì dìde. Tómi bá ti gbóná dé 60°C, ó parí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Èmi náà pa tèmi, mo wá ń dá fúláwà lẹ́bi, mo pààrọ̀ fúláwà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ní kí n ti ìka bọ omi yẹn kí n kà dé mẹ́wàá, tí ò bá ta mí lára tí ò sì tutù, ó tó. Mo da yíìsì sí i pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìfófó ti bo ojú ẹ̀, ó ń rùn bí ọtí. Mo pariwo pe gbogbo ará ilé wá wò ó!

Àríkẹ́: Ha, ìka! Mo máa dán an wò.

Bàbá Bọ́lá: Ẹ yé fi ife wọn fúláwà. Ife téèyàn kì mọ́lẹ̀ àtèyí tó rọra bù, wọn ò lè dọ́gba láé. Fúláwà 500 gíráàmù, omi 320, iyọ̀ 10, yíìsì gbígbẹ 7.

Àjàní: Àwọn tó ń yan búrẹ́dì kí òṣùwọ̀n tó dé ńkọ́ sà?

Bàbá Bọ́lá: Ọwọ́ wọn lòṣùwọ̀n wọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àríkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì: Àríkẹ́, tó bá ń lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, jọ̀ọ́ má sáré da fúláwà kún un! Ṣáà máa pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó máa fọwọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Fa díẹ̀ níbẹ̀, tó bá fẹ́lẹ́ tó o fi ń rí ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀ tí ò sì ya, ó ti pò tó. Tó bá sì jinná, jẹ́ kó tutù kó o tó gé e.

Àjàní: Èyí ni mi ò gbà. Gbígbóná ló ń dùn jù.

Ìyá Ìbejì: Gé tìẹ ní gbígbóná, kó o wo bínú ẹ̀ ṣe máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ.

Àríkẹ́: Ó WÚ O!!! Ìyá Ìbejì, ó ti gbé aṣọ tí mo fi bò ó dìde! Ó ti wà nínú oven báyìí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pó jinná?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Dojú ẹ̀ dé, kó o fìka kan ìdí ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dún bí ohun tínú ẹ̀ ṣófo.

Àríkẹ́: Ó dún!!

Àjàní: Gé e!

Ìyá Ìbejì: Má dá a lóhùn o. Wákàtí kan.