Ọmọ Kétu nínú ìbò Nàìjíríà: ẹ wá sọ ti yín

Ọmọ Alákétu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Kétu ni wọ́n ti bí mi, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá là ń sọ nílé, Faransé la fi ń kàwé. Ìtàn òṣèlú tí wọ́n kọ́ wa ò le rárá: láyé Dàhòmì, orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti bí ọ lẹgbẹ́ rẹ wà. Olóṣèlú mẹ́ta ló wà: Maga ló ni àríwá, Apithy ló ni Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti agbègbè rẹ̀, Ahomadégbé ló ni Abomey. Nígbà tọ́rọ̀ ò níyanjú mọ́, ní 1970, wọ́n ní káwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa jẹ ààrẹ níkọ̀ọ̀kan, ọdún méjì-méjì. Maga jẹ tirẹ̀ tán. Ahomadégbé gbà á, kò tíì lo oṣù mẹ́fà tí Kérékou, ọ̀gá ológun kan, fi kó sọ́jà wọlé ní oṣù kẹwàá 1972. Kò wá kan Apithy mọ́.

Ojú yẹn ni mo fi ń wo Ifẹ̀ nígbà tí mo wá kàwé níbẹ̀. Ìlú Odùduwà, Tinúbú, ọmọ Yorùbá, sì ń du ipò ààrẹ Nàìjíríà. Kí ló tún kù?

Ìjọba ní kí gbogbo yunifásítì wà ní títì láti 22 oṣù kejì sí 14 oṣù kẹta 2023 nítorí ìbò. Àwọn ẹgbẹ́ mi gba ilé lọ. Èmi ò lè lọ, torí àsìkò tí owó náírà dàwátì ni, awakọ̀ ò sì fẹ́ gbọ́ tíránsífà sétí. Mo bá dúró ti bàbá onílé mi lẹ́bàá Ẹnuwá. Àwọn gan-an ni olùkọ́ mi.

Bàbá ní, "Nínú ilé yìí, apá ọ̀dọ̀ ìyá mi, ọ̀pẹ ni wọ́n. Apá ọ̀dọ̀ orogún ìyá mi, àkùkọ ni." Ọ̀pẹ ni àmì Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, àkùkọ ni ti ẹgbẹ́ NCNC. Ọmọ Ifẹ̀ ni ìyàwó méjèèjì o, ọkọ kan náà ni wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n tí ìbò bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọ wọn kì í jọ jẹun. Bẹ́ẹ̀ Ifẹ̀ yìí náà ni wọ́n ti fi Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà lọ́lẹ̀ ní 1948, inú rẹ̀ sì ni Action Group ti jáde ní 1951.

Mo ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ọmọ wa ló yẹ ká dìbò fún ni?"

Wọ́n wò mí. "Àwa àti ta ni? Ṣé o ní káàdì ìdìbò ni?"

Mo lọ ka òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fúnra mi. Orúkọ ẹgbẹ́ àti àmì rẹ̀ ò gbọdọ̀ jọ ti ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kankan, Àbújá ni olú ilé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ààrẹ, yàtọ̀ sí pé kí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù, ó gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi ìdí tí Tinúbú fi lọ mú Shettima láti Borno ṣe igbákejì, tí Atiku ará Adamawa, tí òun náà ń du ipò ààrẹ, mú Okowa láti Delta. Ní ọ̀dọ̀ wa, Boni Yayi dá dúró láìní ẹgbẹ́ ní 2006, ó wọlé. Talon náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Níbí, tí o ò bá ní ẹgbẹ́, orúkọ rẹ ò lè sí nínú ìwé ìdìbò.

Nígbà tí Bàbá gbọ́ "ìdá méjì nínú mẹ́ta", wọ́n fọwọ́ lu itan. "Ìpínlẹ̀ 19 la ní ní 1979. Mú fóònù rẹ, ṣírò ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ fún mi." Kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ìdí Shagari múlẹ̀ bí ààrẹ lórí Awólọ́wọ̀. Bàbá ò tíì dárí jì wọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èsì wá jáde. Ní Ọ̀ṣun, ìpínlẹ̀ tí Ifẹ̀ wà: Atiku ti PDP 354,366, Tinúbú ti APC 343,945. Mo ka nọ́ńbà náà, mo tún un kà. Bàbá kàn ń jẹ obì ní tiwọn.

Òṣómàáló Iléṣà

Àbúrò, ìbò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ kí o tó dé. Nínú ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní 2018, Adélékè ti PDP fi ìbò 353 ṣíwájú Oyètọ́lá ti APC, wọ́n ní ká tún un dì ní ibùdó méje, àwọn kan níbẹ̀ wà ní agbègbè Ifẹ̀ tí o wà yẹn. Oyètọ́lá wá fi 482 borí. Àwọn PDP ò gbàgbé. Nígbà tó fi máa di 2022, Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Iléṣà níbí, kò sí lẹ́yìn Oyètọ́lá tó gbapò gómìnà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ APC kan náà ni wọ́n. Okùn ìgbálẹ̀, àmì APC, ti tú. Adélékè wọlé ní oṣù keje.

Lọ́jọ́ ìbò ààrẹ, ìyá mi ní Adélékè làwọn fẹ́ lọ dì fún. Mo ní, "Màámi, orúkọ Adélékè ò sí nínú ìwé tòní." Wọ́n ní, "Ṣé agboòrùn ò sí níbẹ̀ ni?" Agboòrùn ni àmì PDP.

Àti pé ìyẹn kì í ṣe tuntun ní Iléṣà. Nígbà tí ọ̀pẹ ń ṣèjọba ní Ìbàdàn, àkùkọ ló ń kọ lọ́dọ̀ wa. Azikiwe, ọmọ Igbo, ló ń darí rẹ̀, Fádáhùnsi wa sì wà níbẹ̀ gbọin.

Ìyá Ìbejì Sábó

Gbogbo yín ń pe òfin, ẹ ò dárúkọ "dìbò kóo sebẹ̀", owó tí wọ́n fi ń ra ìbò. Ọmọ Alákétu, sọ òótọ́, ṣé bàbá onílé rí owó ọbẹ̀?

Ọmọ Alákétu

Màmá, ẹ máa bá mi dá wàhálà sílẹ̀. Owó ò sí nílùú, àwọn tó ń ra ìbò ní àwọn á fi ránṣẹ́. Bàbá ò ní àkáùntì lórí fóònù, Bàbá bá fẹ́ fún wọn ní nọ́ńbà àkáùntì tèmi. Mo kọ̀. Òfin ìdìbò 2022 ka títa ìbò sí ẹ̀ṣẹ̀, àlejò sì ni mí. Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá pé ọbẹ̀ ẹlòmíràn ni? Bàbá ò kí mi títí ilẹ̀ fi mọ́.