Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe kọ́ fọ́tò tí kì í ṣe ti fóònù: tèmi rèé láti Ìlọrin

Láti Tanke, Ìlọrin

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti fi oòrùn, ewé tàbí agolo ya fọ́tò rí nígbà tó wà nílé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ tiyín. Ẹ má sọ ibi tó ti dára nìkan. Ibi tó ti bàjẹ́ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Sáyánótáìpù ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa, fọ́tò aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fi oòrùn tẹ̀. John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, ló ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1842, nígbà tó sì di 1843, Anna Atkins, onímọ̀ nípa ewéko, ti ń fi tẹ àwòrán ewé inú òkun. Kẹ́míkà méjì péré ni: gíráàmù 25 ferric ammonium citrate nínú 100ml omi, gíráàmù 10 potassium ferricyanide nínú 100ml omi mìíràn. O pò wọ́n pọ̀ ní ọgbọọgba, o fi búrọ́ọ̀ṣì rà á sórí ìwé nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ó gbẹ, o gbé nǹkan lé e, o gbé e sí oòrùn, o fi omi ṣàn án. Lẹ́nu, ó ti parí.

Ibi tí mo ti lọ ra kẹ́míkà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tajà ka orúkọ kejì dé "cyanide", ó gbé ìwé sílẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ta lo fẹ́ pa?" Mo ṣàlàyé títí pé irin inú rẹ̀ ti di cyanide yẹn mú típẹ́típẹ́, pé bí èèyàn ò bá ti da ásíìdì líle sí i tàbí kó dáná sun ún, kò léwu tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń dún. Ó tà á fún mi, àmọ́ ó gba nọ́ńbà mi, ó tún gba ti bàbá mi.

Àwọn ìkòkò Dàda, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò amọ̀ l'Ókèlele n'Ílọrin níbí, ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ mi. Mo ti fi fóònù ya àwọn ìyá tó ń mọ wọ́n, ó wá ku nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn àwòrán tí dúdú àti funfun rẹ̀ ti gbapò ara wọn, tí oòrùn sì lè gbà á kọjá. Mo mú náílọ́nù líle tí wọ́n fi ń bo iwájú iṣẹ́ àṣekágbá lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan pé kí wọ́n bá mi tẹ àwòrán sí i. Ó wọnú ẹ̀rọ, kò jáde. Èéfín ló jáde. Ẹ má bi mí ní iye tí mo san. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe kíláàsì náà ṣáájú wa ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lásán, kí n wá fi òwú tọ́ òróró ẹ̀pà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bí òróró yẹn ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń mọ́ gaara, láti etí bọ̀ sí àárín, títí mo fi ń rí ìka ọwọ́ mi lábẹ́ rẹ̀. Mo fi tíṣù nù ún gbẹ, ó di nẹ́gẹ́tíìfù.

Oòrùn ló wá fi ojú mi rí màbo. Ìwé tí a fi ń kẹ́kọ̀ọ́ sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Oṣù Dísẹ́ńbà ni, ọyẹ́ ti dé, eruku bo ojú ọ̀run débi pé Òkè Sóbì ò hàn. Mo ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá géérégé, mo ri ìwé bọ omi, gbogbo búlúù ṣàn sínú báàsìn. Ìkòkò ò sí, ìyá ò sí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bú ọkùnrin tó ta kẹ́míkà fún mi. Mi ò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí, èyí tí wọ́n ń pè ní ultraviolet, ló ń ṣiṣẹ́ náà, pé eruku ọyẹ́ sì ń dín in kù. Mo gé ìwé pẹlẹbẹ, mo fi páálí bò ó, mo ń sún páálí sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló tó gbà á. Nígbà tó di oṣù kẹrin tí òjò ti fọ ojú ọ̀run, ìṣẹ́jú 12 ti tó fún nẹ́gẹ́tíìfù kan náà. Ní báyìí, mi ò wo aago mọ́. Etí ìwé tí nǹkan kan ò bò ni mo ń wò: tó bá ti kúrò ní àwọ̀ ewé, tó di bí eérú, tó fẹ́ máa dán bí idẹ, ó ti jinná.

Ẹ wá gbọ́ ti màmá mi. Mo gbé èyí tó dára jù, tí mo tẹ̀ sórí kàlíkò, lọ sílé kí wọ́n rí i. Wọ́n yìn ín. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá mi fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ yòókù, tọṣẹ tòun sódà. Búlúù ti lọ, ó ku nǹkan ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ìyeyè. Wọ́n ní, "Aró tí ò lè dúró de ọṣẹ, aró wo nìyẹn?" Mo sunkún. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó ní kí n rẹ ẹ́ sínú tíì gbígbóná tí kò ní mílíìkì. Kò tó wákàtí kan, àwọn ìkòkò mi padà, àwọ̀ ilẹ̀, ó dúdú díẹ̀, bí amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Ọṣẹ ti sọ búlúù yẹn di bí irin tó dípẹtà, ohun tó ń jẹ́ kí tíì korò lẹ́nu ló wá dì mọ́ irin náà. Òun ni mo fi sílẹ̀ fún ìdánwò. Màmá mi ṣì ń béèrè owó iṣẹ́ wọn.

Láti Ọ̀fà

Àǹtí Tanke, ẹ kú ìrírí o. Màmá yín jàre!

Èmi ò rówó kẹ́míkà rà rárá, sóbò ni mo lò. Anthotype ni wọ́n ń pe irú èyí. Mo se ìṣápá pupa kó ki, mo fi ra ìwé ìyàwòrán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tẹ́ ewé sórí rẹ̀, mo fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Níbí, oòrùn kì í fi àwọ̀ kún un, ńṣe ló ń jẹ àwọ̀ kúrò níbi tí nǹkan kan ò bò. Ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ìgò kejì tí mo fi pamọ́ sínú fíríìjì, alájọgbé mi ti gbé e mu, ó tún ní kò dùn, pé ṣúgà àti ata ilẹ̀ ò sí nínú ẹ̀.

Àjó yá jù ú lọ. Mo gún un, mo rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, mo sẹ́ ẹ, oòrùn ọ̀sán kan sì ti tó o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí oògùn tó ń dá àwọ̀ yẹn dúró. Mo gbé èyí tó dára jù kọ́ sára ògiri yàrá lóṣù kejì, nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ìwé funfun ni mo ń wò. Inú ìwé ńlá kan ni mo ń kó wọn sí báyìí. Àlejò tó bá fẹ́ wò ó, màá ní kó yáa tètè wò ó.

Láti Òmù-Àrán

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi ní ṣókí, iná ò sí, fóònù mi sì fẹ́ kú. Bàbá onífọ́tò kan tó ti kógbá sílé fún mi ní páálí ìwé fọ́tò dúdú-àti-funfun tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò sára agolo mílíìkì, mo ká ìwé kan sínú rẹ̀ nínú òkùnkùn, mo fi téèpù dúdú dí i pa, mo dì í mọ́ òpó kí ihò rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Oṣù mẹ́ta ló yẹ kó lò níbẹ̀, kó máa ya ipa ọ̀nà oòrùn lójoojúmọ́.

Kò lo ọ̀sẹ̀ méjì. Agolo dúdú, okùn lára, ihò kan lójú: kí lẹ rò pé àwọn ará àdúgbò máa pè é? Wọ́n ní wọ́n fi dì wá ni. Àgbàlagbà kan ló fi igi gbé e jù sínú igbó.

Lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá onílé ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo fi ìwé olóròóró bo ẹnu agolo mìíràn, mo fi aṣọ bo orí wọn, wọ́n sì rí igi máńgòrò iwájú ilé tó dorí kodò. Wọ́n pariwo! Àlùfáà ni wọ́n, mo wá sọ fún wọn pé Ibn al-Haytham, onímọ̀ Mùsùlùmí ayé àtijọ́, ti kọ̀wé lórí irú yàrá òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Látọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ló ń ṣọ́ agolo mi.

Láti Dísẹ́ńbà dé Máàṣì ló fi wà níbẹ̀. Kò sí kẹ́míkà kankan. Mo yọ ìwé náà níbi tí kò mọ́lẹ̀, mo gbé e sí sìkánà lẹ́ẹ̀kan péré, mo yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Èyí tí mo ti rí láti Yúróòpù, ipa ọ̀nà oòrùn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Tèmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè ṣánṣán bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ti ògiri, torí níbí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yọ lọ sókè tààrà ni. Ibi tí ìlà ti já, ọjọ́ tí ìkúùkùu bò ó nìyẹn.

Láti Tanke, Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán, ìwé fọ́tò yẹn ṣì kù? Mo fẹ́ rà.

Láti Òmù-Àrán

Ó ku mẹ́rin. Bàbá onílé ti gba méjì níbẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé agolo tiwọn sẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí.