Kí ni kí n mú lọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n máa ń gbà wá lálejò ní ọdún Kérésìmesì?

Ìyàwó Ilé, Ìgbógbó:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín, ẹ sì kú ìmúra ọdún. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ bá ọkọ mi sọ ọ́ mọ́, nítorí bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀ ni yóò ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ni wọ́n máa ń kó ẹbí jọ sí ilé wọn ní Ẹ̀bùtè, Ìkòròdú, ní ọjọ́ kejì ọdún Kérésìmesì. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti papò dà ni wọ́n ti gba iṣẹ́ náà ṣe, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún tó kọjá, mo gbé hámpà ńlá kan lọ fún wọn. Apẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ wúrà ni, wọ́n fi ọ̀rá tó ń dán wé e, wọ́n sì so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lórí. Bisikíìtì inú agolo wà nínú rẹ̀, ṣokoléètì, jáàmù, tíì, àti ìgò ohun mímu aládùn méjì tí kò ní ọtí nínú. Èmi fúnra mi ni mo dúró nínú oòrùn ní Sábó títí ẹni tó ń tò ó fi tò ó tán, tí mo sì ní kí ó tún ríbọ́ọ̀nù náà so nítorí pé apá kan gùn ju èkejì lọ. Nígbà tí mo gbé e dé, Àǹtí ní, “O ṣé, ìyàwó,” wọ́n sì ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ gbé e wọlé. Wọn kò tú u wò. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi kó iṣu wá nínú àpò lásán, òun ni wọ́n sì ń kí láti ilé ìdáná títí dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, a bá wọn lọ kí ìyàwó pásítọ̀ wọn, mo sì rí hámpà mi lórí tábìlì ní pálọ̀, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù pupa náà. Káàdì tí mo kọ orúkọ wa sí nìkan ni wọ́n yọ kúrò. Ó dùn mí dé egungun.

Ní ọdún yìí, mo fẹ́ ra ohun tí wọn kò ní lè gbé fún ẹlòmíràn. Mo ń ro àwọn ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tàbí léèsì, tàbí ohun tí a lè kọ orúkọ wọn sí lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọjọ́ ti sún mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí n jókòó sílé.

Ìyá Ìbejì, Ọdọ́gunyàn:
Ìyàwó wa, ẹ kú ìrònú. A kò lè dá yín lóhùn dáadáa bí ẹ kò bá sọ iye owó tí ẹ fẹ́ ná, bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń pọ̀ tó, àti ohun tí Àǹtí ń jẹ àti èyí tí wọn kì í jẹ. Ní tèmi, ohun tí onílé yóò lò ní ọjọ́ tí àlejò kún ilé ni mo máa ń mú lọ. Ní ọdún kan, ní ilé àbúrò ìyá mi ní Ìmọ̀tà, gáàsì tán nígbà tí ìrẹsì kò tíì jinná, àwọn tó ń ta gáàsì sì ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn nítorí ọdún. Igi ni a padà lọ ń dá lẹ́yìn ilé, tí gbogbo aṣọ tuntun wa sì rùn fún èéfín. Láti ìgbà náà, mo máa ń pe onílé ṣáájú, mo máa ń gba sílíńdà rẹ̀ oníkílò 12.5, n ó sì lọ rọ gáàsì kún un. Bí gáàsì bá wà, mo máa ń mú yìnyín àti omi inú ọ̀rá lọ pẹ̀lú kúlà tèmi, kí onílé má baà máa wá ibi tí yóò kó o sí.

Bàbá Àgbà, Ìjẹ̀dẹ́:
Ọmọ mi, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí o bá ti fi ta ènìyàn lọ́rẹ ti kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ. Bí ó bá jẹ ẹ́, bí ó bá tọ́jú rẹ̀, bí ó bá fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, tirẹ̀ ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, abọ́ oúnjẹ ọdún tí wọ́n bá gbé wá láti ilé kan, ìyá wa a bu díẹ̀ nínú rẹ̀, a sì fi ìyókù kún èyí tí a ó gbé lọ sí ilé mìíràn, kò sì sí ẹni tó pe ìyẹn ní àbùkù. Ìyàwó pásítọ̀ tí ó gbé e fún, ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún ni. Èyí tó dára jù nínú ohun tó wà nílé ni ó yàn fún un.

Aránṣọ, Sábó:
Bàbá, ẹ kú àgbà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ohun tí ẹ sọ. Abọ́ oúnjẹ yàtọ̀ sí ẹrù tí wọ́n kọ orúkọ ènìyàn sí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ gbé e jáde, kì í ṣe ibi tí ẹni tó fún wọn yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìyàwó wa, ẹ fi léèsì sílẹ̀, nítorí ó ṣòro láti yan léèsì fún ẹlòmíràn, mo sì ń rí àwọn tó ń kó èyí tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ wá fún mi pé kí n bá wọn wá ẹni tí yóò rà á. Àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà tó nípọn dáadáa sàn jù.

Ìyàwó Ilé, Ìgbógbó:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, 60,000 náírà ni mo ti kó pamọ́ fún un. A máa ń tó ogójì, láìka àwọn ọmọdé. Ní ti oúnjẹ, Àǹtí fẹ́ràn ẹ̀fọ́ àti ẹja gan-an, ìkọ́kọrẹ́ wọn ni gbogbo ẹbí sì máa ń bèèrè. Dókítà ti ní kí wọ́n yé jẹ ohun tó ní ṣúgà nítorí àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n hámpà kì í ṣe fún àwọn nìkan, àlejò wọn lè jẹ nínú rẹ̀. Bàbá, mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ kò rí bí wọ́n ṣe yọ káàdì náà.

Nọ́ọ̀sì, Àgríìkì:
Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ yìí ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Bisikíìtì, ṣokoléètì, jáàmù àti ohun mímu aládùn ni ẹ gbé lọ fún ẹni tí dókítà ti kà á léèwọ̀ fún. Bí wọ́n bá fi í sílé, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa rí i. Ẹni tó bá ń sapá láti pa òfin oúnjẹ mọ́ máa ń tètè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nílé, mo sì máa ń gba àwọn tí mo ń tọ́jú níyànjú pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣu tí ìyàwó àbúrò ọkọ yín kó wá ni wọ́n lè sè fún àlejò lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo máa ń gba àlejò sọ tèmi. Ní Àgbádárìgì níbí, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Kérésìmesì ní ilẹ̀ wa ní 1842 lábẹ́ igi Àgíyà, ọdún yìí kì í ṣe ohun kékeré, ilé wa sì máa ń kún fọ́fọ́. Ẹnìkan mú adìẹ ààyè wá fún mi ní ọ̀sán ọjọ́ ọdún, ó sì fẹ́ kí n pa á kí òun tó lọ. Mo fi àlejò sílẹ̀, mo ń tu ìyẹ́ adìẹ. Ẹni tí mo kò lè gbàgbé ni ìyàwó àǹtí mi kan tó dé ní àárọ̀ kùtùkùtù, tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó gé alùbọ́sà tán, kí ó tó lọ wẹ̀ kí ó sì wọ aṣọ ọdún rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni ẹ ń wá, ẹ ra àdí àgbọn tí wọ́n ṣe ní Àgbádárìgì àti oyin gidi. Bí ẹ bá rí i pé àdí náà dì, tí ó sì funfun nínú ìgò ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ mú, kò bàjẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá ti tutù tó nǹkan bí 24°C ni ó máa ń dì, bí oòrùn bá ràn, yóò tún yọ́.

Nọ́ọ̀sì, Àgríìkì:
Àdí àgbọn dára, ṣùgbọ́n oyin náà máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé nítorí pé inú igbó ni ó ti wá, kò lè pa alátọ̀gbẹ lára.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Bàbá tiwa fi oyin mu oògùn títí ọjọ́ ogbó.

Nọ́ọ̀sì, Àgríìkì:
Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá yín, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi oyin ta alátọ̀gbẹ lọ́rẹ.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
Ẹni tó fẹ́ràn ẹja ni ẹ ní ó jẹ́, ẹ sì ń wá ìkòkò kiri. Àwa ní Ẹ̀pẹ́ mọ bí a ṣe ń gba àlejò. Nígbà ọdún Kayọ̀kayọ̀, tí àwọn ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851, kò sí ilé tí kì í gbàlejò, ẹja yíyan sì ni ẹ̀bùn tí onílé kì í tì sẹ́yìn, nítorí yóò bọ́ sínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tó bá ṣẹ́ kù yóò sì wúlò títí di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ ra ẹja àrọ̀ tí wọ́n yan gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kò gbọdọ̀ rọ̀ lábẹ́ ìka, bí ẹ bá sì gbọ́n ọn, kí lẹ́búlẹ́bú má ṣe jáde, nítorí kòkòrò ti wọ èyí tó bá ń dà lẹ́búlẹ́bú. Mo ń tà á ní ọjà Olúwo.

Alámòójútó Ẹgbẹ́:
Ìyá wa, ẹ ṣeun fún ìmọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe polówó ọjà lábẹ́ ìbéèrè ẹlòmíràn.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
N kò polówó. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ.

Ìyá Ìbejì, Ọdọ́gunyàn:
Ìyàwó wa, ohun kan ṣì ń rú mi lójú. Obìnrin tó ń bọ́ ogójì ènìyàn láìgba kọ́bọ̀ kò jọ ẹni tí yóò fi “o ṣé” lásán dá ìyàwó àbúrò rẹ̀ lóhùn láìnídìí. Ṣé nǹkan kan wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì kí ẹ tó gbé hámpà lọ?

Ìyàwó Ilé, Ìgbógbó:
Kò sí ìjà kankan láàárín wa. Àǹtí yá mi ní 250,000 náírà ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá láti fi kún owó ṣọ́ọ̀bù mi, a sì jọ sọ ọ́ pé n ó dá a padà kí ọdún tó parí. Ọjà kò yá, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tíì san án. Wọn kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Nítorí oore yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ ra ohun tó tóbi, kí wọ́n lè mọ̀ pé n kò gbàgbé.

Bàbá Àgbà, Ìjẹ̀dẹ́:
Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá, ọmọ mi. Ní ìgbà tí ó yẹ kí owó obìnrin yìí padà sọ́wọ́ rẹ̀ ni o gbé apẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ wúrà wọ ilé rẹ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan gbọ́ lẹ́nu rẹ nípa owó. Ó ní láti máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ibo ni owó apẹ̀rẹ̀ ti wá. Pé kò bèèrè kò túmọ̀ sí pé kò rántí.

Aránṣọ, Sábó:
Bàbá, ẹ rọra. Gbèsè lọ́tọ̀, ẹ̀bùn lọ́tọ̀. Bí ó bá lọ lọ́wọ́ òfo níwájú àwọn ìyàwó ilé yòókù, ojú yóò tì í.

Nọ́ọ̀sì, Àgríìkì:
Kò sí ẹni tó ní kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ fi 45,000 náírà nínú 60,000 yẹn dí lára gbèsè náà, kí ẹ sì fi ìyókù ra ẹja. Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ sí àpò ìfowópamọ́ wọn ṣáájú ọdún, kí ẹ sì pè wọ́n lọ́jọ́ náà láti sọ iye tó kù àti ìgbà tí ẹ ó san án. Bí ẹ bá fi í sínú àpòòwé ní ọjọ́ ọdún, wọ́n lè rò pé ẹ̀bùn ni. Ṣé ọkọ yín mọ̀ nípa owó yìí?

Ìyàwó Ilé, Ìgbógbó:
Ọkọ mi mọ̀. Òun ló bá mi bẹ̀ wọ́n nígbà náà, òun náà ló sì ń sọ fún mi pé kí n yé ra ẹ̀bùn, kí n máa san owó náà díẹ̀díẹ̀. N kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Mo ṣì gbà pé kò yẹ kí wọ́n yọ káàdì wa, ṣùgbọ́n n ó fi 50,000 náírà ránṣẹ́ lọ́la, n ó sì pè wọ́n ní alẹ́, nígbà tí ilé bá dákẹ́. Ìyá Ẹlẹ́ja, ṣé 10,000 náírà lè ra ẹja tó bójú mu fún ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ ńlá kan?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
Kò ní ra àwọn ńláńlá, ṣùgbọ́n yóò ra àwọn kéékèèké tí a ká lórí igi, àwọn náà ló sì dùn jù nínú ìkọ́kọrẹ́. Ẹ tètè rà á, nítorí bí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan ni owó rẹ̀ máa ń gbéra. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má ṣe dì í sínú ọ̀rá, kí ó má baà bu. Ẹ fi bébà wé e, kí ẹ tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ẹ sì sá a sí oòrùn ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ. Ilé ìdáná ni kí ẹ gbé e gbà wọlé, kí ẹ fi lé Àǹtí lọ́wọ́ fúnra yín.